BÍ A ṢE LÈ RÍ AGBÁRA TÍ Ó PỌ̀ JÙ LỌ GBÀ LÁRA PÁŃẸ́Ẹ̀LÌ SÓLÀ BÍ OJÚ ỌJỌ́ TI Ń YÍ PADÀ

Irú àròkọ: Àròkọ aṣàlàyé

Ìbéèrè: Ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè rí iná tí ó tó lò láti ara páńẹ́ẹ̀lì sólà ní ìgbà ẹ̀rùn, ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ọyẹ́.

Ìmọ̀ràn fún Akẹ́kọ̀ọ́

Àròkọ aṣàlàyé yàtọ̀ sí àròkọ asọ̀tàn. Kì í ṣe ìtàn ọjọ́ tí wọ́n gbé sólà wọ ilé yín ni ìbéèrè yìí ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí ẹ máa yin sólà tàbí kí ẹ máa bú iná ọba. Ohun tí ẹni tí yóò yẹ ìwé yín wò fẹ́ mọ̀ ni pé ẹ mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ mọ ohun tí ń dí i lọ́wọ́, ẹ sì lè là á yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Nítorí náà, ẹ máa sọ ìdí ohun gbogbo tí ẹ bá kọ. Bí ẹ bá sọ pé kí a máa fọ páńẹ́ẹ̀lì, ẹ sọ ohun tí eruku ń ṣe sí i. Bí ẹ bá sọ pé ooru kò dára fún un, ẹ sọ iye tí ooru ń yọ kúrò nínú agbára rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ohun èlò pẹ̀lú. Orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pè é ní ọjà ni kí ẹ lò, bí i sólà, bátìrì, wáyà àti ìnfátà, kí ẹ sì kọ ọ́ ní ìlànà àkọtọ́ Yorùbá. Ẹ má ṣe hun ọ̀rọ̀ gígùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí.

Ìlapa Èrò

1. Ìfáàrà: ìdí tí sólà fi gbòde, àti ìráhùn àwọn tí ń lò ó.
2. Bí páńẹ́ẹ̀lì ṣe ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná. Ìtumọ̀ nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.
3. Fóòtì, áńpù àti góńgó agbára.
4. Ohun tí ìkùukùu, ooru àti ọyẹ́ ń ṣe.
5. Ewu òjìji.
6. Iṣẹ́ kọ̀ǹtúrólà.
7. Bí a ṣe ń gbé páńẹ́ẹ̀lì kalẹ̀ àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.
8. Ìgbà tí ó yẹ kí a lo iná.
9. Ìgúnlẹ̀.

Àròkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ju agbára lọ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ sólà mu púpọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà dé nǹkan bí 500 náírà láàrin ọjọ́ díẹ̀, tí ó sì kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi kí ọdún 2024 tó parí, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n sì kọjú sí oòrùn. Télọ̀ ń lò ó, onígbàjámọ̀ ń lò ó, ilé ìwòsàn abúlé sì ń fi í mú abẹ́rẹ́ àjẹsára tutù. Ẹlòmíràn yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí ó tó rà á. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ìráhùn fi ń bẹ̀rẹ̀ pé, “Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni mo rà, kí ló dé tí iná mi kì í fi í di agogo mẹ́wàá alẹ́?” Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ yóò rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni, yóò sì tún lọ yá owó ra ìkarùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé mẹ́rin àkọ́kọ́ tó o, bí ó bá mọ bí a ti í gba agbára inú wọn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àròkọ yìí nìyẹn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí páńẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ní ọdún 1839 ni Edmond Becquerel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ lè mú kí iná mànàmáná ṣàn. Ní ọdún 1954, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Bell Laboratories ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson, fi sílíkọ́nì ṣe sẹ́ẹ̀lì tí ó ń sọ nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bọ́ lù ú di iná. Lónìí, àwọn páńẹ́ẹ̀lì tí ó dára ní ọjà ti kọjá ìdá 20 nínú 100. Inú yanrìn ni a ti ń rí sílíkọ́nì yìí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ lù ú, yóò ta àwọn ohun tíntìntín inú rẹ̀ tí à ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jí, wọn yóò sì máa ṣàn gba inú wáyà lọ. Kókó kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí a gbàgbé: ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni páńẹ́ẹ̀lì ń jẹ, kì í ṣe ooru rẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ni ooru jẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Lẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń lẹ ìwé pélébé kan mọ́ tí iye agbára rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé wáàtì 300 ni. Ìlérí ni nọ́ńbà yìí, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn nínú. Ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, níbi tí wọ́n ti tan ìmọ́lẹ̀ wáàtì 1,000 sórí ìwọ̀n mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, tí sẹ́ẹ̀lì náà sì tutù ní ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá sí ilẹ̀ wa ní ọ̀sán gangan bí ojú ọ̀run bá mọ́, ṣùgbọ́n páńẹ́ẹ̀lì tí ó wà lórí òrùlé ní ọ̀sán gangan kò lè tutù tó bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ẹ̀wẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan jọ ní ìhà gúúsù Nàìjíríà, ó sábà máa ń tó ti wákàtí 4 sí 5 oòrùn kíkún ni, ó sì máa ń dín sí i ní àárín ìgbà òjò. Ẹni tí ó bá rò pé wáàtì 300 ni òun yóò máa rí láti agogo méje àárọ̀ títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti ṣi ìṣirò ṣe.

Agbára iná, fóòtì lọ́nà áńpù ni. Fóòtì ni ipá tí ń ti iná lọ. Áńpù ni iye iná tí ń ṣàn. Kí ó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ìyá alákàrà. Ẹ jẹ́ kí fóòtì dúró fún iye owó tí ó ń ta àkàrà kan, kí áńpù sì dúró fún iye àkàrà tí ó tà. Bí ó bá ń ta á lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo àdúgbò ni yóò wá kó o, ṣùgbọ́n kò ní rí kọ́bọ̀ mú lọ sílé. Bí ó bá fi owó gegere lé e, ẹnikẹ́ni kò ní rà á, kò sì ní rí kọ́bọ̀ bákan náà. Iye kan wà láàrin méjèèjì tí owó àpò rẹ̀ yóò ti pọ̀ jù lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni páńẹ́ẹ̀lì wa. Bí a kò bá so wáyà rẹ̀ mọ́ nǹkan kan, fóòtì rẹ̀ lè tó 40, ṣùgbọ́n áńpù kò sí, agbára kò sì sí. Bí wáyà méjèèjì bá kan ara wọn, áńpù lè tó 9.8, ṣùgbọ́n fóòtì ti di òfo, agbára kò tún sí. Níbi tí fóòtì ti jẹ́ nǹkan bí 32, tí áńpù sì jẹ́ 9.4, níbẹ̀ ni a ó ti rí wáàtì 300. Ibẹ̀ ni mo ń pè ní góńgó agbára.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé góńgó yìí kì í dúró lójú kan. Ojú ọjọ́ ni ó ń gbé e kiri. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, áńpù ni ó máa ń wálẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù láti wáàtì 1,000 sí 200, áńpù yóò dín kù ní ìlọ́po márùn-ún, láti 9.4 sí nǹkan bí 1.9, ṣùgbọ́n fóòtì kò ní fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Agbára tí ó kù kò ní ju nǹkan bí wáàtì 60 lọ. Nítorí èyí ni ọjọ́ tí òjò ṣú láti àárọ̀ di alẹ́ fi máa ń fi bátìrì sílẹ̀ láìkún. Síbẹ̀, iná kì í tán pátápátá, nítorí ìmọ́lẹ̀ ṣì ń gba inú ìkùukùu kọjá.

Ti ooru yàtọ̀. Ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan áńpù. Fóòtì ni ó ń fà wálẹ̀. Fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí sẹ́ẹ̀lì bá fi gbóná ju 25 lọ, páńẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá 0.3 sí 0.4 nínú 100 agbára rẹ̀. Ó dàbí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ ẹ̀rùn kan ní Ìbàdàn, páńẹ́ẹ̀lì lè gbóná dé ìwọ̀n 60. Ìyẹn ti fi 35 ju 25 lọ. Bí a bá mú ìdá 0.35, ó ti lé ní ìdá 12 nínú 100 tí ó lọ, wáàtì 300 sì ti di nǹkan bí 263. Oòrùn ni ó fún wa, ooru rẹ̀ ni ó sì tún gbà á. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ojú ọ̀run là, tí atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́, ni páńẹ́ẹ̀lì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ní ìyọnu tirẹ̀. Láti bí oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá títí di bí oṣù kejì, atẹ́gùn láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, máa ń gbé eruku wá bá wa. Eruku yìí ń ṣe ibi méjì. Nígbà tí ó wà lófuurufú, ó ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Nígbà tí ó bá balẹ̀, ó ń bo ojú páńẹ́ẹ̀lì. Nítorí pé òjò kì í sí ní àkókò náà, kò sí ohun tí yóò fọ̀ ọ́ bí kò ṣe ọwọ́ ènìyàn. Ojú ọjọ́ lè tutù, kí ó sì tọ́ kí iná pọ̀, ṣùgbọ́n eruku yóò sọ ọ́ di òtúbáńtẹ́.

Bí eruku ti burú tó, òjìji tún burú jù ú lọ, nítorí pé kékeré rẹ̀ ń ba ńlá jẹ́. Nínú páńẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n so ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn. Ẹ rántí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe máa ń tò ní ẹsẹẹsẹ níbi ilé kíkọ́, tí wọ́n ń gbé búlọ́ọ̀kù fún ara wọn lọ́wọ́ọ̀wọ́. Bí ẹnì kan láàrin wọn bá ń tòògbé, bí ó ti wù kí àwọn yòókù yára tó, ìwọ̀n ìyára ẹni tí ń tòògbé ni búlọ́ọ̀kù yóò máa dé òkè. Sẹ́ẹ̀lì kan tí òjìji bá bò ni ẹni tí ń tòògbé. Ó tún lè gbóná rékọjá kí ó sì jó, nítorí pé àwọn yòókù ń ti iná mọ́ ọn. Àwọn tí ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì mọ èyí, wọ́n sì máa ń fi dáyóòdù sí i, tí ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta, kí iná lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ṣùgbọ́n bí dáyóòdù kan bá ti ṣí ọ̀nà, ìdá kan nínú mẹ́ta páńẹ́ẹ̀lì náà ti jáde kúrò nínú iṣẹ́. Imọ̀ ọ̀pẹ kan, táńkì omi, òpó ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tàbí aṣọ tí a sá sórí okùn lè fa èyí. Nítorí náà, kí a tó kan páńẹ́ẹ̀lì mọ́ òrùlé, ó yẹ kí a lọ wo ibẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, ní ọ̀sán gangan àti ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí a sì rántí pé òjìji oṣù kejìlá kò bọ́ sí ibi tí ti oṣù kẹfà ń bọ́ sí.

Níwọ̀n ìgbà tí góńgó agbára ti ń rìn kiri, ta ni yóò máa wá a? Iṣẹ́ kọ̀ǹtúrólà nìyẹn, ẹ̀rọ kékeré tí ó wà láàrin páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkínní, tí a fi lẹ́tà PWM dá mọ̀, kò wọ́n, ṣùgbọ́n kì í wá góńgó. Fóòtì bátìrì ni ó máa ń fa páńẹ́ẹ̀lì wá bá. Bí a bá so páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 300 wa mọ́ bátìrì fóòtì 12 tí ó wà ní fóòtì 13 nígbà tí iná ń wọ̀ ọ́, áńpù 9.8 lọ́nà fóòtì 13 ni a ó rí, ìyẹn wáàtì 127. Ó ti lé ní ìdajì tí ó ṣòfò! Èkejì, tí a fi lẹ́tà MPPT dá mọ̀, yóò jẹ́ kí páńẹ́ẹ̀lì dúró sí fóòtì 32 tirẹ̀, yóò sì pààrọ̀ fóòtì tí ó lé sí áńpù. Bí ó tilẹ̀ jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, tí ó ku wáàtì 285, áńpù bí 22 ni yóò wọ inú bátìrì dípò 9.8. Kì í ṣe pé PWM kò wúlò rárá. Bí páńẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ irú tí wọ́n dìídì ṣe fún bátìrì fóòtì 12, tí góńgó rẹ̀ wà ní nǹkan bí fóòtì 18, òfò náà kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì ńlá tí fóòtì rẹ̀ ga ni kò gbọdọ̀ fi í ṣe.

Ọ̀nà tí MPPT ń gbà wá góńgó kò yàtọ̀ sí ti ìyá alákàrà tí ó gbọ́n. Yóò fi owó díẹ̀ lé àkàrà, yóò sì ka owó àpò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bí owó bá lé, yóò tún fi díẹ̀ sí i. Bí owó bá dín, yóò padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe ń gbé fóòtì sókè díẹ̀, tí ó ń wo agbára, tí ó ń tẹ̀síwájú tàbí tí ó ń padà, láìsinmi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ṣùgbọ́n a lè tan ìyá alákàrà jẹ. Bí ó bá fi owó lé àkàrà ní ọjọ́ ọdún, tí èrò pọ̀ tí owó sì lé, ó lè rò pé owó tí òun fi lé e ni ó ṣe é. Ní ọjọ́ tí ìkùukùu ń sáré kọjá, tí oòrùn ń yọ tí ó tún ń wọ̀, kọ̀ǹtúrólà náà lè ṣìnà bákan náà fún ìgbà díẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi ṣe irú tí ó ń fi bí áńpù ṣe ń yí padà wé bí fóòtì ṣe ń yí padà kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Bí òjìji bá sì bo apá kan páńẹ́ẹ̀lì, góńgó kékeré lè yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá, ẹ̀rọ náà sì lè jókòó sórí kékeré. Ẹ̀rọ kò lè ṣe ohun gbogbo; ẹni tí ó gbé páńẹ́ẹ̀lì sí abẹ́ igi kò lè fi MPPT wo ara rẹ̀ sàn.

Ẹni tí yóò ra MPPT gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀, nítorí pé àwọn ayédèrú wà tí ó jẹ́ PWM nínú, tí wọ́n kàn kọ MPPT sí lára. Ọ̀nà kan wà tí a fi lè dán an wò. Bí fóòtì páńẹ́ẹ̀lì bá ga ju ti bátìrì lọ dáadáa, tí oòrùn mú, tí bátìrì kò sì tíì kún, kí oníṣẹ́ iná fi mítà wọn áńpù tí ń wọ kọ̀ǹtúrólà àti èyí tí ń jáde lọ sínú bátìrì. Bí èyí tí ń jáde bá pọ̀ ju èyí tí ń wọlé lọ, MPPT ni. Bí méjèèjì bá dọ́gba, orúkọ lásán ni ó ń jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, bí a ṣe gbé páńẹ́ẹ̀lì kalẹ̀ ṣe pàtàkì. Ilẹ̀ Yorùbá súnmọ́ àárín ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán kì í jìnnà sí àtàrí wa. Ní Èkó, ní oṣù kejìlá, ó máa ń fì sí gúúsù ní nǹkan bí dígírì 30. Ní oṣù kẹfà, ó máa ń fì sí àríwá ní nǹkan bí dígírì 17. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí páńẹ́ẹ̀lì kọjú sí gúúsù, kí ó sì dagẹ̀rẹ́ ní dígírì 10 sí 15 péré. Ẹni tí ó bá gbé e nàró bí wọ́n ti ń ṣe ní ìlú Lọ́ńdọ̀n, níbi tí oòrùn ti máa ń wà nísàlẹ̀, yóò pàdánù. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ẹní, nítorí omi òjò kò ní rí ibi ṣàn sí, ìdọ̀tí yóò sì dúró lójú rẹ̀. Kí a fi àyè sílẹ̀ láàrin páńẹ́ẹ̀lì àti páànù òrùlé, ó kéré tán bí àtẹ́lẹwọ́ kan níbùú, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Páńẹ́ẹ̀lì tí a bá kàn mọ́ páànù gbígbóná típẹ́típẹ́ kò ní rí èémí mí.

Fífọ̀ ni ó kù. Ní ìgbà ọyẹ́, ó dára kí a máa fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì síra wọn. Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí a ṣe é, kì í ṣe ọ̀sán, nítorí omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná lè mú kí ó sán. Omi tí ó mọ́ àti aṣọ tí ó rọ̀ tó; yanrìn, eérú àti kànrìnkàn onírin yóò ha ojú rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ pa iná rẹ̀, kí a má sì tẹ páńẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀ bí ó ti wù kí ara wa fúyẹ́ tó.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí bátìrì bá ti kún, kọ̀ǹtúrólà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kúrò lórí góńgó, kí iná má baà ba bátìrì jẹ́. Iná tí à bá rí ní àkókò náà, òfò ni. Ilé tí kò lo nǹkan kan ní ọ̀sán, tí ó wá ń fi ẹ̀rọ fa omi ní alẹ́, ń da oúnjẹ ọ̀sán nù, ó sì ń febi pa bátìrì ní alẹ́. Ọ̀sán ni kí a fa omi, ọ̀sán ni kí a mú kí fíríjì tutù, kí a fi alẹ́ sílẹ̀ fún gílóòbù àti fáànù. Bí bátìrì bá sì jẹ́ oní-òjé, kò dára kí a máa lò ó kọjá ìdajì kí ó má baà tètè kú.

Bákan náà, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ojú ọ̀run oṣù keje ni kí a fi ṣírò iye páńẹ́ẹ̀lì tí a ó rà, kì í ṣe ti oṣù kejì. Fún ẹni tí ń wo bọ́ọ̀lù, àṣìṣe ìṣirò yìí kò ju ìbínú lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára inú ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ wà láàrin ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí òjò bá ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta, tí fíríjì náà sì gbóná, abẹ́rẹ́ tí ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ rìn láti oko wá gbà lè ti di omi lásán.

Ní ìparí, a kò lè pàṣẹ fún òjò, a kò sì lè lé ọyẹ́ padà sí Sàhárà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa kò kéré. Kí ẹni tí iná rẹ̀ kò tó tó lọ yá owó ra páńẹ́ẹ̀lì mìíràn, kí ó kọ́kọ́ wo òjìji, kí ó fọ ojú páńẹ́ẹ̀lì, kí ó wo ibi tí ó kọjú sí, kí ó béèrè irú kọ̀ǹtúrólà tí wọ́n fún un, kí ó sì yí àkókò tí ó ń lo iná padà. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Oòrùn díẹ̀ ní ọwọ́ ọlọ́gbọ́n sàn ju oòrùn púpọ̀ ní ọwọ́ aláìbìkítà lọ.

Àkíyèsí lórí Àròkọ Yìí

(a) Àròkọ yìí gùn ju èyí tí a ó béèrè lọ ní ìdánwò. Nínú ìdánwò, ẹ mú kókó mẹ́rin tàbí márùn-ún péré, kí ẹ ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa.

(b) Ẹ wo bí àpẹẹrẹ alákàrà ṣe jáde ní ìpínrọ̀ kan tí ó sì tún ṣiṣẹ́ ní òmíràn. Àfiwé kan tí ó bá ọ̀rọ̀ mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sàn ju mẹ́wàá tí ó ń kọlu ara wọn lọ.

(c) Òwe mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹ má ṣe to òwe jọ bí igi ìdáná.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ìkùukùu ń ṣe sí páńẹ́ẹ̀lì àti ohun tí ooru ń ṣe sí i? Fi ìpínrọ̀ méjì dáhùn.
2. Páńẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ wáàtì 200. Bí ó bá gbóná dé ìwọ̀n 55, tí ó sì ń pàdánù ìdá 0.4 nínú 100 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí ó ju 25 lọ, wáàtì mélòó ni yóò kù?
3. Kọ àròkọ aṣàlàyé lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (i) Bí a ṣe ń tọ́jú bátìrì kí ó lè pẹ́, (ii) Bí a ṣe lè mú omi òjò mọ́ fún mímu, (iii) Ewu tí ó wà nínú gbígbé ẹ̀rọ amúnáwá sínú ilé.